Bí Ikú Ilé Kò Bá Pani: Ìtàn Firewall àti Ráútà Tí Ó Yẹ Kí A Rà

Ẹ má jẹ́ kí àkọlé yìí yà yín lẹ́nu. Àwa tí ẹ mọ̀ mọ ewì àti oríkì náà ni a fẹ́ sọ̀rọ̀ ráútà lónìí. Ohun tí ojú wa rí ló sún wa dé ibẹ̀.

Àwa márùn-ún ni a jọ ń gbé ilé kan lẹ́yìn ọgbà ilé-ìwé. A dáwó ra ráútà kan, a sì sọ kọ̀ǹpútà àtijọ́ kan di àká tí a ń kó fáìlì sí. Wáyà ni a fi so ó mọ́ ráútà, a sì ṣí i sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni tó bá wà lórí Wi-Fi wa, láìsí páásíwọ́ọ̀dù, kí gbogbo wa lè tètè máa gbọ́ ohùn tí a gbà sílẹ̀ fún iṣẹ́ àṣekágbá wa. Ìjálá wà níbẹ̀, oríkì orílẹ̀ wà níbẹ̀, ẹkún ìyàwó náà wà níbẹ̀. Ní alẹ́ ọjọ́ kan, àlejò kan dé, ó ní kí a fún òun ní Wi-Fi. A fún un. Ta ni yóò ṣe ahun sí àlejò? Òun fúnra rẹ̀ kò mọ̀ pé kòkòrò ti wọ kọ̀ǹpútà alágbèéká òun. Kí ilẹ̀ tó mọ́, gbogbo fáìlì inú àká wa ti yí orúkọ padà, kò sì sí ọ̀kan tó ṣí mọ́. Ìwé kékeré kan ló wà níbẹ̀ tó ń béèrè owó ìtúsílẹ̀.

A rí ọ̀pọ̀ nínú àwọn ohùn náà gbà padà, nítorí pé wọ́n ṣì wà lórí fóònù tí a fi gbà wọ́n sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹkún ìyàwó kan wà tí ìyá àgbà kan sun fún wa fún nǹkan bí 40 ìṣẹ́jú. Ẹni tó gbà á sílẹ̀ ti pa á rẹ́ lórí fóònù rẹ̀ kí àyè lè wà. Nígbà tí a fi máa padà dé abúlé náà, ìyá ti dágbére fáyé. Ráútà ṣeé rà lọ́jà. Ohùn ìyá kò ṣeé rà níbì kankan.

Ohun tó rú wa lójú jù ni pé firewall wà nínú ráútà yẹn, kò sì bàjẹ́. Báwo ni ogun ṣe jà nínú ilé tí adènà kò sì mọ̀? Láti rí ìdáhùn ni a ṣe lọ ka ìtàn. Ohun tí a bá níbẹ̀ kò jìnnà sí òwe tí gbogbo wa mọ̀: bí ikú ilé kò bá pani, ti òde kò lè pani.

Ògiri tó ń dá iná dúró

Ọ̀rọ̀ náà firewall kò bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn oníkọ̀ǹpútà. Ọ̀dọ̀ àwọn mọlémọlé ló ti wá. Ní ilẹ̀ àwọn òyìnbó, ògiri tó nípọn ni wọ́n máa ń mọ sáàárín ilé méjì tó fara kan ara wọn, kí iná tó bá ń jó ọ̀kan má baà ràn mọ́ èkejì. Àwọn tó ń ṣe mọ́tò náà yá ọ̀rọ̀ yìí lò fún irin tó dábùú àárín ẹ́ńjìnnì àti ibi tí èrò ń jókòó sí.

Ẹ kíyè sí i dáadáa: ògiri yìí kì í ṣe odi ìlú. Odi ìlú kọjú sí òde, ọ̀tá tó ń bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn ló ń dúró dè. Ògiri iná wà láàárín àwọn tó jọ ń gbé. Nígbà tí àwọn oníkọ̀ǹpútà yá ọ̀rọ̀ náà, iṣẹ́ odi ìlú ni wọ́n kọ́kọ́ fún un. Ọ̀pọ̀ ọdún kọjá kí wọ́n tó rántí iṣẹ́ tí orúkọ rẹ̀ ń sọ.

Ọmọ ilé-ìwé kan àti ọjọ́ kejì oṣù Kọkànlá

Nígbà tí ARPANET, tó jẹ́ ìyá íntánẹ́ẹ̀tì, bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1969, àwọn tó wà lórí rẹ̀ kò pọ̀. Yunifásítì àti ilé iṣẹ́ ìwádìí ni wọ́n, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló sì mọ ara wọn. Nígbà tó fi máa di bí ogún ọdún lẹ́yìn náà, ẹ̀rọ kan lè gba ẹ̀rọ mìíràn gbọ́ débi pé kò ní béèrè páásíwọ́ọ̀dù lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́. Ọmọ ilé ni, kí ló fẹ́ jí?

Ní ọjọ́ 2 oṣù Kọkànlá ọdún 1988, Robert Tappan Morris, akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì Cornell tí kò tíì pé ẹni ọdún 23, tú ètò kékeré kan sílẹ̀ láti orí ẹ̀rọ kan ní MIT. Ètò náà ń bí ara rẹ̀, ó sì ń ti orí ẹ̀rọ kan bọ́ sórí òmíràn. Ó ń lo àléébù inú ètò tó ń gbé lẹ́tà, ó ń méfò páásíwọ́ọ̀dù, ó sì ń lo ìgbẹ́kẹ̀lé tó wà láàárín ẹ̀rọ àti ẹ̀rọ. Iye tí wọ́n fojú dá ni pé ó mú nǹkan bí 6,000 nínú nǹkan bí 60,000 ẹ̀rọ tó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì nígbà náà. Kò pa fáìlì kankan rẹ́, ṣùgbọ́n ó ń bí ara rẹ̀ lábìíjù débi pé ẹ̀rọ kò lè mí mọ́. Nínú oṣù yẹn kan náà ni wọ́n dá CERT sílẹ̀ ní yunifásítì Carnegie Mellon, kí ẹni tí irú nǹkan báyìí bá ṣẹlẹ̀ sí lè rí ẹni ké sí. Ní ọdún 1990, ilé ẹjọ́ ní kí Morris wà lábẹ́ ìṣọ́ fún ọdún mẹ́ta, kí ó fi 400 wákàtí ṣiṣẹ́ sìnlú, kí ó sì san owó ìtanràn tó lé ní 10,000 dọ́là. Nígbà tó yá, ó di ọ̀jọ̀gbọ́n ní MIT.

Oníbodè dé

Láàárín àwọn ọdún wọ̀nyẹn ni àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ní DEC àti ní Bell Labs ti AT&T bẹ̀rẹ̀ sí í fi oníbodè sí ẹnu ọ̀nà. Ẹni tó bá ti ka ìtàn ìlú wa mọ oníbodè: ó jókòó sí ẹnu odi, ó ń wo ẹni tó ń wọlé àti ẹrù tó gbé, ó sì ń gba owó bodè. Iṣẹ́ tí firewall àkọ́kọ́ ń ṣe nìyẹn. Ìsọfúnni tó ń gba orí wáyà kọjá kì í rìn lódindi, ìdì kéékèèké ni. Oníbodè yìí ń wo ara ìdì kọ̀ọ̀kan: ibo lo ti ń bọ̀? Ibo lò ń lọ? Ilẹ̀kùn wo lo fẹ́ kàn? Bí ìdáhùn bá bá òfin mu, kí ó kọjá. Bí kò bá bá a mu, kí ó padà.

Àléébù oníbodè yìí ni pé kì í rántí. Tí ẹnì kan bá jáde láàárọ̀ tó sì padà dé nírọ̀lẹ́, àlejò ni lójú rẹ̀. Àtúnṣe rẹ̀ gbilẹ̀ láti ọdún 1994, nígbà tí ilé iṣẹ́ Check Point ní Ísírẹ́lì gbé firewall tirẹ̀ jáde. Èyí ń rántí ẹni inú tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, èsì ọ̀rọ̀ náà nìkan ló sì ń jẹ́ kí ó wọlé. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀pọ̀ firewall ń ṣe títí dòní.

Ní ọdún 1994 yìí kan náà ni William Cheswick àti Steven Bellovin tẹ ìwé ńlá wọn jáde lórí firewall. Ṣùgbọ́n Cheswick ti rí àléébù mìíràn ṣáájú, ní ọdún 1990, nígbà tó ń ṣàlàyé ẹnu ọ̀nà tí wọ́n kọ́ sí Bell Labs. Ó fi nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó ní odi lẹ́yìn nìkan wé ohun jíjẹ tí ẹ̀yìn rẹ̀ le tí inú rẹ̀ sì rọ̀. Bó bá jẹ́ àwa ni, ìgbín ni à bá pè é. Ikarahun le lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti kọjá ikarahun, ẹran ló kù níwájú rẹ̀.

Bí oníbodè ṣe dé inú ilé wa láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni pè é

Kì í ṣe ààbò ló kọ́kọ́ gbé oníbodè wá sínú ilé. Ọ̀wọ́n àdírẹ́sì ni. Ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì nílò àdírẹ́sì, iye tí ètò IPv4 sì lè fúnni kò ju nǹkan bí bílíọ̀nù 4.3 lọ. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1994, Kjeld Egevang àti Paul Francis kọ ìwé ìlànà kan tó jẹ́ kí ẹ̀rọ púpọ̀ lè pín àdírẹ́sì ẹyọ kan lò. NAT ni orúkọ ọgbọ́n náà. Ní oṣù Kejì ọdún 1996, ìwé mìíràn ya àwọn àdírẹ́sì kan sọ́tọ̀ fún inú ilé nìkan. Ìdí nìyẹn tí àdírẹ́sì tí ẹ ń rí lórí ráútà yín fi sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 192.168.

NAT dà bí ilé tí àpótí lẹ́tà rẹ̀ jẹ́ ẹyọ kan. Bí Àyọ̀ bá kọ lẹ́tà jáde, ráútà mọ̀ pé Àyọ̀ ló ni èsì. Ṣùgbọ́n bí lẹ́tà kan bá ṣàdédé dé láti òde, ráútà kò mọ ẹni tí yóò fún, yóò sì dà á nù. Báyìí ni gbogbo ilé ṣe ní adènà láìmọ̀. Báyìí náà ni a ṣe fọkàn balẹ̀ jù, tí a rò pé gbogbo ohun tó bá ti wà nínú ilé kò léwu mọ́.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wa wà gan-an nìyí. Ohun mẹ́ta ló wà nínú àpótí tí à ń pè ní ráútà. Èkínní ni amọ̀nà tó so ilé mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì. Ìkejì ni switch, èyí tí a ń ki wáyà bọ̀. Ìkẹta ni Wi-Fi. Nínú ọ̀pọ̀ ráútà, switch àti Wi-Fi ti di ìyàrá kan ṣoṣo, firewall sì jókòó sí ẹnu ọ̀nà tó jáde lọ sí íntánẹ́ẹ̀tì. Bí ẹ̀rọ méjì nínú ìyàrá kan náà bá ń bá ara wọn sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ wọn kì í dé bodè. Kọ̀ǹpútà àlejò wa àti àká wa wà nínú ìyàrá kan. Kòkòrò náà kò kọjá níwájú oníbodè rárá. Kí ni oníbodè ì bá rí?

Ilà ojú ìdì

Ọgbọ́n tí a fi ń pín ìyàrá kò jẹ́ tuntun. VLAN ni wọ́n ń pè é, ìlànà rẹ̀, tó ń jẹ́ 802.1Q, sì jáde ní ọdún 1998. Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ rí bí ilà ojú. Láyé àtijọ́, a lè fi ilà mọ ìlú tàbí ìdílé tí ẹnì kan ti wá. VLAN ń kọ irú ilà bẹ́ẹ̀ sí ara ìdì kọ̀ọ̀kan, nọ́ńbà kan láti 1 dé 4094. Switch kan ṣoṣo lè gbé agbo ilé púpọ̀, ìdì agbo kan kò sì ní dé òmíràn. Bí agbo méjì bá fẹ́ bá ara wọn sọ̀rọ̀, wọ́n gbọ́dọ̀ gba ọ̀dọ̀ amọ̀nà kọjá, ibẹ̀ sì ni firewall ti lè yẹ̀ wọ́n wò. Ìgbà yìí ni firewall padà sí iṣẹ́ tí orúkọ rẹ̀ ń sọ: ògiri láàárín àwọn tó jọ ń gbé.

Ẹ̀rọ olówó ńlá ti àwọn ilé iṣẹ́ ni ọgbọ́n yìí kọ́kọ́ wà fún. Ohun tó gbé e dé ọ̀dọ̀ tálákà jẹ́ ìtàn tó dùn. Ní ìparí ọdún 2002, Linksys gbé ráútà aláwọ̀ búlúù kan jáde, WRT54G. Ní ọdún 2003, àwọn ènìyàn ṣàwárí pé Linux ló wà nínú rẹ̀. Ìwé àṣẹ Linux sì sọ pé ẹni tó bá tà á gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ẹni tó rà á rí bí wọ́n ṣe kọ ọ́. Ilé iṣẹ́ náà gbé àkọsílẹ̀ rẹ̀ síta. Nígbà tó di ọdún 2004, àwọn ayọ̀ǹda-ara-ẹni ti bẹ̀rẹ̀ OpenWrt, sọ́fíwià ọ̀fẹ́ tó ń jẹ́ kí ráútà olówó pọ́ọ́kú ṣe iṣẹ́ tí ti ilé iṣẹ́ ńlá ń ṣe, títí kan VLAN àti òfin firewall láàárín ìyàrá àti ìyàrá.

Nígbà tí ikú ilé bẹ̀rẹ̀ sí í pani

Lẹ́yìn náà ni ohun tí a ń kó sínú ilé yí padà. Kì í ṣe kọ̀ǹpútà nìkan mọ́. Kámẹ́rà dé, tẹlifíṣọ̀n tó ń wọ íntánẹ́ẹ̀tì dé. Ní ọdún 2016, kòkòrò kan tó ń jẹ́ Mirai ń gbìyànjú páásíwọ́ọ̀dù bíi 60 tí àwọn ilé iṣẹ́ fi sínú ẹ̀rọ kí wọ́n tó tà á, tí àwọn tó rà á kò sì yí padà. Ìyẹn tó o. Ó fi kó kámẹ́rà àti ráútà lọ́wọ́ bí ọmọ ogun. Ní ọjọ́ 21 oṣù Kẹwàá ọdún náà, wọ́n fi irú ẹgbẹ́ ogun yìí kọlu ilé iṣẹ́ Dyn, ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Amẹ́ríkà kò sì rí Twitter àti Netflix wọ̀ fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́kùnrin mẹ́ta tó gbà nílé ẹjọ́ pé àwọn ló kọ Mirai jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì Rutgers. Akẹ́kọ̀ọ́ tún ni!

Ní ọjọ́ 12 oṣù Karùn-ún ọdún 2017 ni WannaCry dé. Tí ó bá ti wọ ẹ̀rọ kan, ó máa ń wá àwọn ẹ̀rọ mìíràn tó wà nítòsí, ó sì ń gba ilẹ̀kùn tí Windows fi ń pín fáìlì wọlé sí wọn. Ó ju 200,000 ẹ̀rọ tó mú ní nǹkan bí 150 orílẹ̀-èdè. Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tó wà ní Ìlú Ọba yóò rántí bí àwọn ilé ìwòsàn ìjọba ṣe ń dá aláìsàn padà. Bẹ́ẹ̀ Microsoft ti gbé àtúnṣe jáde láti oṣù Kẹta. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2018, ó kan ráútà fúnra rẹ̀: VPNFilter ti wọ ó kéré tán 500,000 ẹ̀rọ ní orílẹ̀-èdè 54, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn sì jẹ́ ráútà. Oníbodè ti di amí. Láti ọjọ́ 29 oṣù Kẹrin ọdún 2024, òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò gbà kí wọ́n ta ẹ̀rọ ilé tó ní páásíwọ́ọ̀dù àjùmọ̀ní tí ẹnikẹ́ni lè méfò.

Ohun tí ìtàn yìí ní kí a wò kí a tó rà

Ìpolówó orí páálí ráútà kì í sọ ju bí ó ṣe yára tó àti iye eríkà rẹ̀. Ìtàn ní kí a béèrè nǹkan mìíràn.

Àkọ́kọ́, ṣé ó lè pín ilé sí ìyàrá púpọ̀, kí Wi-Fi kọ̀ọ̀kan wà nínú ìyàrá tirẹ̀? Ọ̀pọ̀ ráútà ní Wi-Fi àlejò. Ìyẹn dára ju òfo lọ, ṣùgbọ́n ìyàrá méjì péré ni.

Ìkejì, ṣé àwa fúnra wa lè kọ òfin tó wà láàárín ìyàrá àti ìyàrá? Òfin tó bọ́gbọ́n mu kò le: gbogbo ìyàrá lè jáde sí íntánẹ́ẹ̀tì, kò sí ìyàrá tó lè wọ òmíràn, àfi ibi tí a bá gbà láàyè.

Ìkẹta, ta ni yóò máa ṣàtúnṣe sọ́fíwià rẹ̀, títí di ìgbà wo? Ráútà tí ẹni tó ṣe é ti pa tì dà bí ògiri tó lanu, aláǹgbá yóò sì ráyè wọ̀ ọ́. Bí ẹ bá fẹ́ lo OpenWrt, ẹ wo orúkọ ráútà náà nínú àtòjọ wọn kí ẹ tó sanwó, kí ẹ sì wo nọ́ńbà ẹ̀dà tó wà lábẹ́ rẹ̀, nítorí pé orúkọ kan náà lè ní ẹ̀yà ara ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nínú. Kí àyè ìpamọ́ rẹ̀ má dín ní 16 MB, kí RAM rẹ̀ má sì dín ní 128 MB.

Ìkẹrin ni ọ̀rọ̀ ilẹ̀ wa. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ń lo MiFi tàbí ráútà oní-SIM. Ẹ ra èyí tó ní ihò wáyà tó ń gba íntánẹ́ẹ̀tì wọlé, kí ẹ lè tò ó sẹ́yìn èyí tí ẹ ti ní. Ẹ wo iná rẹ̀ pẹ̀lú: ráútà tó ń lo 12 V ṣeé so mọ́ UPS kékeré, kò sì ní kú nígbà tí wọ́n bá mú iná lọ.

Bí owó kò bá tó, ráútà méjì lásán tún lè ṣe díẹ̀. Ẹ so ìkejì mọ́ ẹ̀yìn ti àkọ́kọ́, láti ihò íntánẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Kí àlejò wà lórí ti àkọ́kọ́, kí àwọn onílé wà lórí ìkejì. Àlejò kò ní lè ṣàdédé kàn ilẹ̀kùn yín, nítorí NAT tí a sọ lẹ́ẹ̀kan.

Lẹ́yìn tí ẹ bá tò ó tán, ẹ má gba ráútà gbọ́ lásán. Ẹ gbé fóònù kan sórí Wi-Fi àlejò, kí ẹ fi wá àká yín. Bí ẹ bá rí i, iṣẹ́ kò tíì parí.

Àwa ti ra tiwa, àlòkù tí OpenWrt ṣì ń tọ́jú. A pín in sí mẹ́ta, a sì fún wọn ní orúkọ. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni ti àlejò. Ẹ̀yìnkùlé ni ti tẹlifíṣọ̀n àti kámẹ́rà. Ìyẹ̀wù ni tiwa, ibẹ̀ ni àká wà, ó sì ti ní páásíwọ́ọ̀dù. Nígbà tí a kọ àwọn orúkọ yìí tán ni ó tó yé wa pé àwọn bàbá wa ti mọ ọ̀rọ̀ yìí tipẹ́. Inú ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni wọ́n ti ń gba àlejò. Wọ́n á fún un lómi, wọ́n á fún un lóúnjẹ, kò sì sí ẹni tó máa pè wọ́n ní ahun nítorí pé wọn kò mú un wọ ìyẹ̀wù.

Firewall kò lè dá ohùn ìyá padà, kò sì lè rọ́pò ẹ̀dà kejì. A ti ń ṣe ẹ̀dà mẹ́ta báyìí, ọ̀kan nínú wọn kì í gbé inú ilé wa. Ọmọ ìyá náà ti ní kí a máa bọ̀ lẹ́yìn ọdún iléyá, pé òun yóò sun ìwọ̀n tí òun bá rántí nínú ẹkún náà. Kò ní jẹ́ 40 ìṣẹ́jú, a mọ̀. Ṣùgbọ́n a ti mọ ibi tí a máa gbé e sí.